Bí Káńsù Ṣe Lè Mú Ará Ìlú Jáde sí Pápá: Ìtọ́sọ́nà fún Ìjọba Ìbílẹ̀ ní Èkìtì

Lọ́jọ́ àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ alága káńsù, ìlú a máa kún. Wọ́n á ta kánọ́pì, àwọn onílù á dé, kábíyèsí á rán aṣojú, jẹ́sì tuntun á máa dán lára àwọn ọmọ, alága á gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, wọ́n á sì ya fọ́tò. Ẹ wá padà sí pápá kan náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ewúrẹ́ lẹ máa bá níbẹ̀, àti ọmọkùnrin mẹ́rin tó fi búlọ́ọ̀kù méjì ṣe òpó gọ́ọ̀lù. Àwọ̀n tí káńsù rà ti wọ sítọ́ọ̀, bọ́ọ̀lù wà ní ọ́fíìsì, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti lọ sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé. Mo kọ ọ́ fún alága, kánsẹ́lọ̀, òṣìṣẹ́ káńsù àti olórí àdúgbò ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Èkìtì, láti Adó dé Òmùò, láti Ọ̀tùn dé Ìlawẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pa ife-ẹ̀yẹ rẹ́. Àmọ́ èèyàn 22 ló ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, gbogbo ìlú ló ń wòran. Àwọn tó ń wòran yẹn, ìyá aláta, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọbìnrin JSS 2, bàbá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, àwọn gan-an ni káńsù gbọ́dọ̀ wá ààyè fún.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fẹsẹ̀ rin wọ́ọ̀dù kí ẹ tó náwó

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Wọ́ọ̀dù 177 ló wà ní Èkìtì. Èyí tó wà láàárín òkè ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ti ṣọ̀wọ́n, kò lè lo ètò kan náà pẹ̀lú èyí tó wà ní ìgboro Adó, níbi tí ilé ti gba gbogbo ilẹ̀ tán.

Kí kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù náà, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ òde kan, obìnrin ọlọ́jà kan àti ọ̀dọ́ kan jọ rìn ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí wọ́n rìn ín: ní ìdájí, lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti parí, àti ní àárọ̀ Sátidé. Kí wọ́n kọ gbogbo ibi tí wọ́n bá ti rí èèyàn tó ń ṣeré sílẹ̀: pápá ilé ìwé, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ojú títì tí àwọn ọmọ ti ń gbá mọ́ńkípóòsì, abẹ́ igi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò, ọ̀nà tí àwọn kan ti ń sáré kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibi tí èèyàn ti ń ṣeré láìsí ìrànlọ́wọ́ ìjọba ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́. Bí káńsù bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, tó lọ la pápá tuntun sí ẹ̀yìn ìlú torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ pọ̀, igbó ni yóò padà hù níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí wọn ò rí ní pápá. Ẹ má béèrè pé “Ṣé ẹ fẹ́ràn eré ìdárayá?” Gbogbo èèyàn ló máa ní àwọn fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ béèrè pé: “Lánàá ní aago márùn-ún, kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́?” “Bí ẹ bá jáde fún wákàtí kan, ta ló máa dúró ti ọmọ?” “Ibo lẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé láìwọ ọ̀kadà?” Èsì àwọn ìbéèrè yìí ló máa sọ bí ètò ṣe máa rí. Obìnrin tó ń tajà ní Ọjà Ọba ní Adó kì í palẹ̀ mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà eré ìrọ̀lẹ́ kò kàn án. Ìdájí ni tirẹ̀. Ní ìlú tí ọjà wọn jẹ́ ọrọọrún, ẹ kọ ọjọ́ ọjà sílẹ̀, kẹ́ ẹ má ṣe gbé ètò kankan sọ́jọ́ náà láéláé.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ dáàbò bo ilẹ̀

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń kú. Pápá tí mo gbá bọ́ọ̀lù ní kékeré kò sí mọ́. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ sí igun kan. Wọ́n ní ó máa mówó wọlé, kò sì ní dí eré lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀bù yí i ká. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn onímọ́tò gba àárín rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde lọ́jọ́ kan tó ní ká pa pápá rẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bù ú jẹ. Àwọn ọmọ tó yẹ kó wà níbẹ̀ wá ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì báyìí, tí ọkọ̀ ń sá eré kọjá lẹ́yìn wọn. Ó ṣì ń dùn mí.

Ohun tí káńsù gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ojúṣe rẹ̀ ni ilẹ̀ yìí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní Àfikún Kẹrin, ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Níbi tó ti mẹ́nu ba ọ̀nà, iná ojú títì àti gọ́tà, ó mẹ́nu ba páàkì, ọgbà àti ilẹ̀ gbangba pẹ̀lú. Bí alága bá ń tọ́jú pápá, iṣẹ́ tí wọ́n dìbò yàn án fún ló ń ṣe, kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore.

Báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ to gbogbo ilẹ̀ ìṣeré tó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ yín sínú ìwé kan, kẹ́ ẹ kọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: káńsù, ilé ìwé, ìdílé kan, tàbí ìlú lápapọ̀. Ẹ lọ bá kábíyèsí tàbí báálẹ̀ pẹ̀lú olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó gbé ọkọ̀ katakata débẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn náà. Àdéhùn tẹ́ ẹ bá ṣe, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́ ẹ kà á sókè sétí gbogbo àwọn tó máa fọwọ́ sí i, kí ọ̀dọ́ ìdílé náà méjì sì wà níjòókòó, torí àwọn ló máa jẹ́rìí nígbà tí àwọn àgbà bá ti lọ. Ẹ pe sọ̀fíyọ̀ kó wọn ilẹ̀ náà, kó ri òpó ààlà mọ́lẹ̀. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin káńsù wá ṣe òfin tó sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí sọ ibẹ̀ di gáráàjì, àti pé bí káńsù kan bá fẹ́ yí ìlò ilẹ̀ náà padà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe ìpàdé gbogbo ìlú. Ẹ kọ àkópọ̀ òfin náà sára pátákó kan, kẹ́ ẹ gbé e dúró lẹ́nu ọ̀nà pápá. Ẹni tó bá fẹ́ jí ilẹ̀ kì í fẹ́ kí pátákó wà níbẹ̀.

Igi náà jẹ́ ààlà. Ẹ gbìn ín yíká, àmọ́ ẹ gbìn ín nípọn sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, kí òjìji rẹ̀ lè bo pápá ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí èèyàn máa wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbà, ẹ jẹ́ kí pápá nà láti àríwá sí gúúsù, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má bàa máa wọ gọ́ọ̀lì kan lójú.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, inú ọgbà ilé ìwé ni pápá tó dára jù wà, géètì rẹ̀ sì máa ń wà ní títì láti aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ má bínú sí ọ̀gá ilé ìwé. Ó mọ̀ pé bí fèrèsé bá fọ́ tàbí tí àga bá sọnù, òun ni wọ́n máa fi ìwé béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Káńsù ni kó gbé ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ̀. Kí àdéhùn sọ ẹni tó ń ṣí géètì ní aago mẹ́rin àti ẹni tó ń tì í ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ẹni tó ń san owó ohun tó bá bàjẹ́, ẹni tó ń gbá ilẹ̀, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n máa lò. Kí káńsù máa gé koríko ibẹ̀, kó tún ògiri tó wó ṣe, kó sì fi ọdẹ kan síbẹ̀. Ẹ rí ìwé àṣẹ gbà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ tó ni ilé ìwé náà, torí ọ̀gá ilé ìwé lè yí padà lọ́dún tó ń bọ̀, kí èyí tó dé sì ní òun ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣe pápá kékeré púpọ̀, ẹ fi tẹdió (pápá ìṣeré ńlá) sílẹ̀

Tẹdió ìpínlẹ̀ tó wà ní Adó ń jẹ́ orúkọ Oluyemi Kayode, ọ̀kan lára àwọn tó sáré fún Nàìjíríà nínú eré sísá 100 mítà ẹlẹ́ni mẹ́rin tó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà ní Barcelona lọ́dún 1992. Orúkọ tó yẹ ká máa pè fún àwọn ọmọ wa ni. Àmọ́ ọmọ tó ń gbé ní Òmùò kò lè fẹsẹ̀ rìn dé tẹdió Adó, bẹ́ẹ̀ ni káńsù kò nílò láti kọ́ irú rẹ̀. Owó tí àga olówòran nìkan máa gbé lè tún ilẹ̀ ṣe ní wọ́ọ̀dù púpọ̀.

Ẹ fi ojú ìṣirò wò ó. Lábẹ́ òfin bọ́ọ̀lù, pápá tó kéré jù fún àwọn àgbà jẹ́ mítà 90 ní gígùn, mítà 45 ní ìbú. Èèyàn 22 ni yóò máa gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Ilẹ̀ kan náà gba pápá kékeré mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 40 sí 20, ààyè yóò sì ṣẹ́kù láàárín wọn. Bí èèyàn márùn-ún bá kojú márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 40 ló ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọbìnrin sì lè ní tiwọn láìdúró de àwọn ọkùnrin. Mítà 40 sí 20 yìí kan náà ni pápá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, òpó gọ́ọ̀lù tó fẹ̀ ní mítà 3 tó sì ga ní mítà 2 ni wọ́n sì ń lò fún méjèèjì. Pápá fọ́líbọ́ọ̀lù kò ju mítà 18 sí 9 lọ. Òpó méjì àti àwọ̀n ti tó o.

Kí wẹ́dà dá òpó gọ́ọ̀lù pẹ̀lú páìpù, kẹ́ ẹ sì fi kọnkéré rì í mọ́lẹ̀ gírígírí. Òpó tó lè ṣubú ti pa ọmọdé rí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láyé, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí òpó tí wọ́n kàn gbé kalẹ̀ láìrì í mọ́lẹ̀.

Òjò ni ọ̀tá pápá ní Èkìtì. Kí àárín pápá ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí omi rẹ̀ sì wọ odò tàbí gọ́tà ńlá, kó má wọ ilé aládùúgbò. Ilẹ̀ pupa tẹ́ ẹ bá fi rólà tẹ̀ dáadáa máa ń gbé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ojoojúmọ́ ju koríko tí kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín ní oṣù Ṣẹẹrẹ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù, tó sì rọrùn jù, ni tábìlì tẹníìsì tẹ́ ẹ bá fi kọnkéré ṣe. Gígùn rẹ̀ mítà 2.74, ìbú rẹ̀ mítà 1.525, gíga rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 76. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ lè mọ ọ́n, ẹ sì lè fi irin pẹlẹbẹ ṣe àwọ̀n rẹ̀. Òjò ò lè bà á jẹ́, olè ò lè gbé e lọ. Méjì lábẹ́ igi ní àdúgbò kan, ẹ ó rí i pé ọmọ ọdún mẹ́wàá àti bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún á máa du ẹni tó kàn.

Omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe àfikún. Níbi tí wọn ò bá sí, àwọn obìnrin kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi èèyàn síbẹ̀

Bọ́ọ̀lù mẹ́wàá tí kò ní alábòójútó á pòórá kí oṣù tó parí. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà á lo ọdún. Nítorí náà, kí owó tẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ jẹ́ ti èèyàn, ẹ̀yìn ìyẹn ni ti bọ́ọ̀lù.

Alábòójútó kan fún pápá kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wà níbẹ̀ ní aago tí wọ́n kọ sára pátákó, kó kó bọ́ọ̀lù àti bíìbù jáde, kó kọ iye èèyàn tó wá, kó yanjú ìjà, kó rí i pé àwọn ọmọ kéékèèké gba ààyè tiwọn, kó sì kó nǹkan padà. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù àtijọ́. Olùkọ́ eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì máa ń ṣe é dáadáa. Àwọn àgùnbánirọ̀ ń fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹ lè bẹ àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá lára wọn. Yunifásítì ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ ń kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́; ẹ kọ̀wé sí wọn pé kí akẹ́kọ̀ọ́ wá fi pápá yín kọ́ṣẹ́. Àmọ́ àgùnbánirọ̀ máa lọ nígbà tí ọdún rẹ̀ bá pé, akẹ́kọ̀ọ́ á gba ìsinmi. Ọmọ àdúgbò tí káńsù ń san nǹkan fún lóṣooṣù ni òpómúléró. Ẹ san án lásìkò. Ẹni tí wọ́n jẹ ní owó oṣù mẹ́ta kì í ṣí géètì.

Ẹ wádìí ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi síbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá àdúgbò, torí ọmọ wọn lẹ ń fà lé e lọ́wọ́. Ẹ ṣe é ní òfin pé àgbàlagbà kan kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá títì, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹni tí òbí lè pè ní káńsù sára pátákó.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yan aago, kẹ́ ẹ má yẹ̀ ẹ́

Ohun tó ń mú kí ìsìn àárọ̀ Sunday kún ni pé gbogbo ayé mọ ìgbà tó máa ń bẹ̀rẹ̀. Eré ìdárayá náà nílò irú rẹ̀. Aago mẹ́fà sí méje àárọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ìrìn àti eré ìnara fún àwọn àgbà. Aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ilé ìwé. Sátidé, gbogbo ìdílé. Ẹ yẹra fún àkókò Jímọ̀ àti ọjọ́ Sátidé ìmọ́tótó àyíká. Ní àkókò òjò, ẹ múra láti sún eré ìrọ̀lẹ́ sí aago míì bí òjò bá ń rọ̀. Ní àkókò ọyẹ́, kí àwọn tó ní ikọ́ fée má ṣe sáré nínú eruku àárọ̀.

Ẹ tún lè ti títì kan pa. Ní Kigali, olú ìlú Rwanda, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ kì í rìn ní àwọn títì kan lọ́dún 2016. Ará ìlú máa ń jáde ní àárọ̀ Sunday, wọ́n á rìn, wọ́n á sáré, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́, àwọn elétò ìlera á sì tún yẹ ara wọn wò. Ní Èkìtì, Sunday kò ní ṣeé ṣe, àmọ́ Sátidé kan lóṣù, láti aago mẹ́fà sí mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, ṣeé ṣe. Ẹ mú títì tó jẹ́ ti káńsù fúnra rẹ̀, kì í ṣe títì ìjọba àpapọ̀. Ẹ sọ fún ọlọ́pàá, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ẹgbẹ́ ọlọ́kadà àti onímárúwá ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ rí i pé ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ní ọ̀nà tó máa gbà. Kí alága wá rìn, láìsí ọkọ̀ onísáírínì lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Àwọn tó máa ń jókòó sílé

Ọmọbìnrin kì í kúrò nínú eré torí pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn léraléra: ilẹ̀ máa ń ṣú kí wọ́n tó délé, àwọn ọmọkùnrin máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kò síbi tí wọ́n ti lè pààrọ̀ aṣọ, ìyá ní iṣẹ́ ilé wà nílẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ni káńsù lè tún ṣe. Ẹ ya aago mẹ́rin sí márùn-ún sọ́tọ̀ fún wọn lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ọmọkùnrin kankan má sì gba pápá náà lọ́wọ́ wọn torí pé ìdíje ń bọ̀. Ẹ wá alábòójútó obìnrin. Kí obìnrin náà lọ kí àwọn ìyá nílé, kó jókòó, kó ṣàlàyé. Bí ìyá bá ti mọ ẹni tí ọmọ òun wà lọ́dọ̀ rẹ̀, wàhálà ti dín kù. Fún àwọn tó ń lo ìbòrí, ẹ sọ fún wọn pé láti ọdún 2014 ni òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé ti fọwọ́ sí i pé kí obìnrin fi ìbòrí gbá bọ́ọ̀lù. A sì ní àpẹẹrẹ nítòsí: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Ekiti Queens wà ní Adó. Ẹ pe àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn wá sí wọ́ọ̀dù, kí àwọn ọmọ fojú rí wọn.

Àwọn àgbà kò fẹ́ kí wọ́n fi àwọn wé ọmọdé. Ẹ má pe tiwọn ní bọ́ọ̀lù. Ìrìn òwúrọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ ni, tó bẹ̀rẹ̀ láti ààfin tó sì padà sí ààfin, àti ayò lẹ́yìn rẹ̀. Ayò, ojú méjìlá, ọmọ 48, kì í mú èèyàn làágùn, àmọ́ òun ló máa fà wọ́n jáde láti ilé, ìrìn á sì tẹ̀ lé e.

Fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn, fọ́líbọ́ọ̀lù ìjókòó wà. Pápá rẹ̀ mítà 10 sí 6, àwọ̀n rẹ̀ fún ọkùnrin ga ní mítà 1.15, fún obìnrin mítà 1.05. Orí ilẹ̀ tó tẹ́, tó mọ́, la ti ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tí kò lè bá wọn jókòó ṣe é. Kí ẹnu ọ̀nà pápá fẹ̀ tó kẹ̀kẹ́ arọ, kí gọ́tà ibẹ̀ sì ní afárá pẹlẹbẹ.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìlera

Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún ìdárayá tó mú kí èèyàn mí sókè díẹ̀, kí ọmọdé sì máa lo ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ìṣẹ́jú 150 ni ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti sọ ní ìpàdé àwọn ọlọ́jà, ẹ máa sọ ọ́.

Káńsù ní ọwọ́ nínú ètò ìlera alábọ́ọ́dé. Kí nọ́ọ̀sì kan gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sí pápá ní Sátidé kan lóṣù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ga, ẹ má lé e kúrò. Ẹ darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn, kó sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí dókítà bá ṣe sọ.

Òfin mẹ́ta tí alábòójútó kò gbọdọ̀ gbàgbé. Bí àrá bá sán, kí gbogbo èèyàn kúrò ní pápá, kí wọ́n wọ inú ilé, kì í ṣe abẹ́ igi, kí wọ́n má sì padà títí ìṣẹ́jú 30 á fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá forí gbá, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tó ń ṣèèbì, eré rẹ̀ parí lọ́jọ́ yẹn, ilé ìwòsàn ló ń lọ. Ẹsẹ̀ tó yẹ̀, ẹ fi píọ̀wọ́tà dídì tẹ́ ẹ fi aṣọ wé lé e, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á tàbí wọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìdíje tó ń pẹ́

Ife-ẹ̀yẹ tó máa ń parí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ń lé ìdajì àwọn ẹgbẹ́ lọ sílé lẹ́yìn eré kan ṣoṣo. Líìgì àdúgbò sàn jù. Gbogbo ẹgbẹ́ á pàdé gbogbo ẹgbẹ́, ẹni tó pàdánù lónìí á tún gbá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Oṣù mẹ́ta ló máa gbà, ìyẹn gan-an ni èrè rẹ̀. Kẹ́ ẹ fi òfin kan sí i: àdúgbò tí kò bá ní ẹgbẹ́ ọmọbìnrin kò lè forúkọ ẹgbẹ́ ọkùnrin sílẹ̀. Ariwo á pọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ dúró lórí rẹ̀.

Kí ìdíje náà gba ìjàkadì, eré sísá, ayò àti tẹníìsì orí tábìlì, kí ọmọ tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá lè gba máàkì fún àdúgbò rẹ̀. Ìlú tó bá ń ṣọdún, ẹ fi àṣekágbá sí ọ̀sẹ̀ ọdún náà nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá wálé. Ní ti ọjọ́ orí, ẹ gba ìwé ilé ìwé, kẹ́ ẹ sì bi ọ̀gá ilé ìwé léèrè. Ọmọ ọdún 23 tó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọmọ ọdún 15 ti gba ààyè ọmọ ẹlòmíì. Jẹ́sì kò gbọdọ̀ ní àwòrán olóṣèlú tàbí àmì ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ọjọ́ tí àmì bá ti wọ ọ̀rùn ọmọ ni ìdajì ìlú máa jókòó sílé.

Ìgbésẹ̀ 9: Owó

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ará ìlú náà gbọ́ ìdájọ́ yẹn, wọ́n á sì máa béèrè. Ẹ kọ eré ìdárayá sínú ìwé ìṣúná bí nǹkan tó dá dúró, ẹ má fi pamọ́ sábẹ́ “ọ̀dọ́ àti àwọn nǹkan míì”. Ẹ pín in sí mẹ́rin: alábòójútó, àtúnṣe pápá, ohun èlò, ìdíje. Bí ìdíje bá ń gba ju gbogbo yòókù lọ, ẹ padà lọ sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ìtọ́sọ́nà yìí.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun máa ń fẹ́ ṣe nǹkan. Ẹ má béèrè owó lásán lọ́wọ́ wọn. Ẹ fún wọn ní nǹkan kan pàtó: ìlú yìí nílò tábìlì kọnkéré méjì, kànga ẹ̀rọ kan, owó alábòójútó kan fún ọdún kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ fi iye tó wọlé, iye tó jáde àti ohun tó kù hàn sára pátákó pápá àti ní rédíò, ní èdè tí ìyá aláta gbọ́.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ kà wọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun

Kí alábòójútó kọ nǹkan mẹ́rin sínú ìwé rẹ̀ lójoojúmọ́: iye èèyàn tó wá, mélòó ni obìnrin, mélòó ló ti lé ní ẹni 50 ọdún, kí ló bàjẹ́. Kí ìwé náà dé ọ́fíìsì káńsù lóṣooṣù, kí kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sì kà á sókè ní ìpàdé. Ẹ má fi iye èrò ọjọ́ àṣekágbá kún un. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ máa lò, torí kò sí onílù níbẹ̀ tó lè fa èrò.

Bí iye náà bá lọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra, kí alága fúnra rẹ̀ lọ síbẹ̀ láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kó bi àwọn tó bá bá níbẹ̀ léèrè pé àwọn tó kù dà.